Ẹ̀rọ Tó Ń Fi Ìmọ́lẹ̀ Wo Egbò: Awọ Ta Ni Wọ́n Fi Dán An Wò?

Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katapílà kan tó ń tún ọ̀nà ṣe ní Ìjẹ̀gùn, lẹ́bàá Ìkòtún l'Ékòó, gbá páìpù epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Epo tú, iná ràn án, ilé jó, ọkọ̀ jó, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì wà lára àwọn tó fara gbá a. Kò tíì pé ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2006, tí páìpù bú ní Abúlé Ẹ̀gbá, tí ẹ̀mí tó lé ní 200 sì bá a lọ. Iná epo tún sọ ní Ìjẹ̀gùn ní oṣù Keje ọdún 2019. Ó sọ ní Abúlé Ẹ̀gbá ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Nígbà tó sì di ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2020 kan náà, ibùdó tí wọ́n ti ń ta gáàsì ìdáná bú gbàmù ní Bàrúwà, l'Ípájà. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ àti ẹnu ààlà rẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀nyí, ká má tilẹ̀ tíì ka sítóòfù kẹrosíìnì tó ń gbiná nínú yàrá kan ṣoṣo tí ìdílé ń gbé, omi gbígbóná tó ń dà sọ́mọdé lára, àti jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń rọ epo sí nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìwé ìròyìn a máa ka òkú fún wa. Ẹni tí kò kú, a kì í gbúròó rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń pinnu bóyá ọwọ́ rẹ̀ yóò tún lè di nǹkan mú, bóyá ọrùn rẹ̀ yóò tún lè yí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ojú lásán ni wọ́n ṣì fi ń ṣe ìpinnu náà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, àti pé ìmọ́lẹ̀ lè ran ojú lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ tí wọn kò fi awọ dúdú dán wò, kò sídìí tó fi yẹ ká gbà á gbọ́ lórí awọ dúdú.

Ìpele ìpele ni awọ ara. Èyí tó wà lókè pátápátá fẹ́lẹ́ gan-an. Ní ọ̀pọ̀ ibi lára, kò nípọn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, ibẹ̀ sì ni mẹ́lánìn tó sọ wá di aláwọ̀ dúdú wà. Ìpele kejì wà lábẹ́ rẹ̀, ó nípọn tó mìlímítà kan tàbí méjì. Inú rẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ gbà kọjá, inú rẹ̀ ni irun ti hù, inú rẹ̀ sì ni fọ́nrán kọ́lájìn tó ń mú awọ le wà. Bí iná bá jó ìpele òkè nìkan, tàbí tó kàn wọ ìbẹ̀rẹ̀ ìpele kejì, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù sí ìdí irun àti ihò òógùn á bẹ̀rẹ̀ sí í rá jáde, ojú egbò á sì pa dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó lé díẹ̀. Bó bá jó kọjá bẹ́ẹ̀, kò síbi tí awọ tuntun ti máa wá àfi láti ẹ̀bá egbò. Á kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kòkòrò á ráyè wọlé, àpá á wú, á sì fa oríkèé ara pọ̀. Irú egbò yìí ni oníṣẹ́ abẹ máa ń rẹ́ awọ itan aláìsàn lẹ̀ mọ́.

Láti mọ ibi tí iná jó dé, dókítà á wo àwọ̀ egbò náà, á fi ìka tẹ̀ ẹ́ bóyá ó ń funfun tó sì tún ń pọ́n padà, á béèrè bóyá ó ń dunni. Ohun tí ìwádìí sábà máa ń gbé jáde ni pé dókítà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ máa ń gbà á nígbà 60 sí 75 nínú 100. Àṣìṣe kan nínú mẹ́rin dé méjì nínú márùn-ún nìyẹn, lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Bí pípọ́n bá sì jẹ́ àmì tí wọ́n ń wá, awọ tó dúdú kì í fi pípọ́n hàn kedere. Ọ̀nà méjì ni àṣìṣe náà sì máa ń gbà ṣeni. Bí wọ́n bá ní egbò tó jìn kò jìn, aláìsàn á máa dúró títí tí egbò á fi bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Bí wọ́n bá ní èyí tí kò jìn jìn, wọ́n á rẹ́ awọ itan ẹni tí ara rẹ̀ ì bá ti san láìsí ọ̀bẹ, ẹni tó gbé egbò kan wá á sì gbé méjì lọ sílé.

Ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí ni lésà Doppler. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa sójú egbò láti òkèèrè, kò fara kan aláìsàn rárá. Ìmọ́lẹ̀ tó bá lu ohun tó dúró jẹ́ẹ́ á padà bó ṣe lọ; èyí tó bá lu sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré, ìgbì rẹ̀ á yí díẹ̀ kó tó padà. Ìyípadà yìí ni ẹ̀rọ ń fi ya àwòrán ibi tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ti ń ṣàn àti ibi tí kò ti ṣàn mọ́. Bí wọ́n bá lò ó láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún tí iná jó èèyàn, ó ń sọ bí egbò á ṣe pẹ́ tó kó tó jinná, ó sì ń gbà á ju ojú lọ fíìfíì, débi pé NICE, àjọ tó ń gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn lórí ohun tó yẹ kí ilé ìwòsàn nówó lé, tì í lẹ́yìn ní ọdún 2011. Òmíràn ni OCT, tí Huang, Fujimoto àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1991. Ó jọ sikáànì tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún, àfi pé ìmọ́lẹ̀ ló ń lò dípò ìró: ó ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ tó rán wọnú awọ ṣe jìn tó kó tó padà, ó sì ń fi ya àwòrán ìpele awọ dé ìjìnlẹ̀ mìlímítà kan sí méjì láìlo ọ̀bẹ. Àwọn dókítà ojú ló kọ́kọ́ tẹ́wọ́ gbà á, kì í sì í ṣe nǹkan àjèjì mọ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ojú l'Ékòó. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ àfọwọ́mú tí ilé-iṣẹ́ MolecuLight ní Toronto ń ṣe. Ìmọ́lẹ̀ àlùkò tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ nanometer 405 ló ń tàn sójú egbò nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ bakitéríà á tàn pupa padà, Pseudomonas tó fẹ́ràn egbò iná á tàn ní àwọ̀ búlúù tó dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewéko. Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò á rí ibi tó kù tí kò tíì mọ́, kí èsì láàbù tó gba ọjọ́ méjì mẹ́ta tó dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn jù ni ìgbà tí awọ tí wọ́n ń wò kì í ṣe èyí tí wọ́n bí mọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1975, James Rheinwald àti Howard Green ní MIT rí i pé èèyàn lè mú sẹ́ẹ̀lì awọ díẹ̀, kó sì mú un dàgbà nínú àwo títí tí á fi tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Ní ọdún 1981, John Burke tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ àti Ioannis Yannas tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ fi kọ́lájìn màlúù àti èròjà láti inú kerekere ẹja ṣáàkì ṣe ohun tó lè dúró fún ìpele kejì awọ. Ní ọdún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Apligraf, awọ àtọwọ́dá onípele méjì tó ní sẹ́ẹ̀lì alààyè nínú, fún egbò ẹsẹ̀ tí kò fẹ́ jinná. Èyí tó ya gbogbo ayé lẹ́nu ni ti ọdún 2015 ní Bochum, nílẹ̀ Jámánì. Àrùn àbímọ́ ti bó awọ ọmọ ọdún méje kan tó wá láti Síríà. Michele De Luca àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Ítálì mú díẹ̀ nínú awọ tó ṣẹ́ kù, wọ́n tún apilẹ̀ àbùdá tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ ṣe, wọ́n mú un dàgbà, wọ́n sì fi bo nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ara ọmọ náà. Ọmọ náà padà sílé-ìwé. Èmi ò mọ iṣẹ́ abẹ mìíràn nínú ọ̀rúndún yìí tó jọ mí lójú tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo lẹni tó gbin awọ ṣe máa mọ̀ pé ó hù dáadáa? Ọ̀nà àtijọ́ ni kó gé e, kó rì í sínú fọ́málìnì, kó fi ìda mú un le, kó bẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, kó pa á láró, kó tó gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá awọ náà yè ti pa á. Ìmọ́lẹ̀ ló yọ wọ́n nínú ìyẹn. Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì alààyè ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní NADH wà, tó ń kópa nínú bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń sọ oúnjẹ di agbára. Bí ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kúrú ju ti àlùkò lọ bá kàn án, òun náà á tàn ní búlúù. FAD tó jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ ń tàn ní àwọ̀ ewéko. Bí wọ́n bá fi títàn ọ̀kan wéra pẹ̀lú ti èkejì, wọ́n á mọ̀ bóyá sẹ́ẹ̀lì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ tàbí ìyà ń jẹ ẹ́. Ti kọ́lájìn tún jọni lójú: bí lésà alágbára tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ nanometer 800 bá lù ú, 400 géérégé ni kọ́lájìn máa dá padà, kò sì wọ́pọ̀ kí nǹkan mìíràn nínú awọ ṣe bẹ́ẹ̀. Irú maikirosíkóòpù tó mú èyí rọrùn lára ohun alààyè, Denk, Strickler àti Webb ló gbé e jáde ní Yunifásítì Cornell ní ọdún 1990. Nítorí náà, olùwádìí lè dá ihò kékeré sára awọ tó gbìn, kó máa wò ó lójoojúmọ́, kó rí ahọ́n awọ tuntun tó ń rá láti ẹ̀bá ihò lọ sí àárín, kó rí kọ́lájìn tó kọ́kọ́ tò wúruwùru kó tó wá tò dọ́gba, kó sì da oògùn kan sí i kó rí ohun tó ṣe. Awọ kan náà ni, láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn.

Mẹ́lánìn ló wá da ọ̀rọ̀ rú. Iṣẹ́ tó ń ṣe lára wa ni pé ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì kí oòrùn má baà ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín oòrùn Ìgàndò àti lésà olówó gọbọi. Ìmọ́lẹ̀ àlùkò àti búlúù ló ń gbé mì jù. Bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń gùn sí i, tó ń lọ sí pupa tó sì ń kọjá pupa, bẹ́ẹ̀ ni agbára mẹ́lánìn lórí rẹ̀ ń dín kù. OCT tó ń lo nanometer 1300 kò fi bẹ́ẹ̀ níṣòro pẹ̀lú rẹ̀. Lésà Doppler pupa wà láàárín méjì. Ẹ̀rọ tó ń lo 405 àtàwọn tó ń wo NADH ló wà nínú ewu jù. Ewu ọ̀hún kọ́ ni pé ẹ̀rọ kò ní ríran. Bí kò bá ríran rárá, gbogbo èèyàn á mọ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé á ríran díẹ̀, á wá sọ pé kò sí kòkòrò níbi tí kòkòrò wà, tàbí pé sẹ́ẹ̀lì ń kú níbi tó ti yè, á sì sọ ọ́ láìṣiyèméjì.

Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù òjìji. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, lórí ẹ̀rọ tó rọrùn ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ni níka láti fi mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí Takuo Aoyagi hùmọ̀ rẹ̀ ní Japan láwọn ọdún 1970, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nígbà kòrónà. Ní ọdún 1990, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé pé kì í sọ òótọ́ tó lára aláwọ̀ dúdú. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn dókítà ní Yunifásítì Michigan gbé iye jáde: nínú àwọn tí ẹ̀rọ náà ní ọ́síjìn wọn wà láàárín 92 sí 96, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ó ti já wálẹ̀ ju 88 lọ lára ìdá 11.7 nínú 100 aláwọ̀ dúdú, àti lára ìdá 3.6 péré nínú 100 aláwọ̀ funfun. Ìlọ́po mẹ́ta ni. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníwòsàn fi ń pín àwọ̀ ara sí ọ̀nà mẹ́fà, èyí tí Thomas Fitzpatrick ṣe ní ọdún 1975, awọ funfun nìkan ló kà nígbà tó kọ́kọ́ jáde; ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n fi ìpín karùn-ún àti ìkẹfà kún un, kí ìyókù aráyé lè rí ibi dúró sí. Èmi ò rò pé ìkà èèyàn ló ṣe é. Ẹni tó wà nítòsí ni wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò, ẹni tó wà nítòsí kì í sì í ṣe àwa.

L'Ékòó, ọ̀rọ̀ náà tún ní ìṣòro tirẹ̀ tí ìwé òyìnbó kò ní kọ́ni. Ìpara ìbóra ti mú kí ara èèyàn kan ṣoṣo ní àwọ̀ mẹ́ta: ojú yàtọ̀, ẹsẹ̀ yàtọ̀, oríkèé ìka dúdú sí méjèèjì. Ẹ̀rọ tó bá ń béèrè àwọ̀ aláìsàn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èwo ni wọ́n máa sọ fún un? Ìpara kan náà tún máa ń mú kí awọ fẹ́lẹ́ kó sì lọ́ra láti jinná, oníṣẹ́ abẹ tó ti rán irú awọ bẹ́ẹ̀ rí mọ bí okùn ṣe ń já nínú rẹ̀. Ẹni tó máa ṣe ìwọ̀n tó tọ́ fún Alímọ̀ṣọ́ ní láti bá irú awọ yìí pàdé lójúkojú.

Ẹnì kan tó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà lè dá mi lóhùn pé àròyé lásán ni mò ń ṣe, torí mẹ́lánìn wà ní ìpele òkè, bí iná bá sì ti jó ìpele òkè lọ, mẹ́lánìn bá a lọ. Inú egbò aláwọ̀ dúdú àti ti aláwọ̀ funfun wá di ọ̀kan náà. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyí, òótọ́ sì ni fún egbò tó jìn pátápátá. Àmọ́ egbò tó jìn pátápátá kọ́ ló ń da dókítà láàmú. Ojú rí ìyẹn. Èyí tó wà láàárín ni wàhálà, níbi tí mẹ́lánìn díẹ̀ ti lọ tí díẹ̀ sì kù bí èépá. Bí egbò bá sì ti ń jinná, ẹ̀bá rẹ̀ gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa wò, torí ibẹ̀ ni awọ tuntun ti ń wá, ibẹ̀ sì ni mẹ́lánìn sábà máa ń kóra jọ sí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tún máa ń fi egbò wé awọ tó jí pépé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá mọ awọ tó jí pépé kà, ìwéra rẹ̀ ti wọ́ látilẹ̀. Ohun tó kù ni pé àpá wa kì í rí bíi tiwọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. O. Oluwasanmi ti Ìbàdàn ti kọ̀wé lórí kẹ́lóídì, irú àpá tó máa ń wú, lára ọmọ Áfíríkà láti ọdún 1974. Bí kọ́lájìn wa bá ń tò lọ́nà tó yàtọ̀ nígbà tí egbò ń pa dé, àwòrán tí wọ́n ń pè ní àwòrán egbò tó ń jinná dáadáa ní Boston lè má jẹ́ àwòrán tó yẹ ká máa retí níbí.

Àtakò kejì le ju ìyẹn lọ, ó sì máa wá láti ẹnu nọ́ọ̀sì ju láti ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Á ní à ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá: níbi tí aláìsàn ti ń fowó ara rẹ̀ ra báńdéèjì, ìbọ̀wọ́ àti omi iyọ̀, níbi tí iná ti ń lọ nígbà tí wọ́n ń wẹ egbò lọ́wọ́, kí ni a fẹ́ fi lésà ṣe? Mo gbà pé omi tó mọ́ tí wọ́n bá tètè dà sójú iná fún ogún ìṣẹ́jú yóò gba awọ là ju ẹ̀rọ èyíkéyìí tí mo dárúkọ lọ, àti pé bí gbogbo ìyá l'Ẹ́gbẹ́dá bá jáwọ́ nínú fífi ẹyin, ògì tàbí ọṣẹ ìfọyín pa ojú iná fún ọmọ, iṣẹ́ ńlá ti bùṣe. Síbẹ̀, owó báńdéèjì náà gan-an ló mú mi sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí egbò bá fi dúró láìjinná ni ẹbí ń ná owó lé e. Egbò iná nìkan kọ́. Nínú ìwádìí MEDFUN tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn ńláńlá mẹ́fà káàkiri Nàìjíríà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, nínú aláìsàn 336 tí àtọ̀gbẹ dá egbò sí lẹ́sẹ̀, wọ́n gé lára ẹsẹ̀ àwọn tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sì kú. Ẹsẹ̀ tí wọ́n gé kì í ṣe làpálàpá.

Ẹ tún wo Pobẹ̀ lórílẹ̀-èdè Benin, láàárín àwọn Yorùbá tó wà lódìkejì ibodè. Láti ọdún 2003 ni àjọ Raoul Follereau ti dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ níbẹ̀ fún egbò Buruli, àwọn aláìsàn láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà sì ń sọdá ibodè lọ gba ìtọ́jú níbẹ̀. Kòkòrò tó ń fa egbò yìí máa ń jẹ abẹ́ awọ lọ nígbà tí ẹnu egbò ṣì kéré. Ohun tí ojú rí lókè kò tó ìdajì ohun tó ti bàjẹ́ nísàlẹ̀. Bí irú egbò bẹ́ẹ̀ bá pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, awọ lílẹ̀ ló kù. Kò síbi tí rírí abẹ́ awọ láìgé e ti lè wúlò ju ibẹ̀ lọ.

Lórí iye owó awọ àtọwọ́dá, èmi pẹ̀lú alátakò fohùn ṣọ̀kan. Kí ìjọba Èkó má lọ ra Apligraf. Kò tíì yá. Awọ àtọwọ́dá tó lè wúlò fún wa báyìí ni èyí tó máa wà nínú àwo, tí ẹnikẹ́ni kò ní lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n á kàn máa fi yẹ ẹ̀rọ wò. Ilé-iṣẹ́ MatTek ní Massachusetts ti ń ta irú rẹ̀ tó ní sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ dúdú nínú, nítorí pé láti ìgbà tí ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de ìpara tí wọ́n fi ẹranko dán wò pátápátá ní ọdún 2013, àwọn oníṣòwò ìpara nílò awọ tí wọ́n lè lò. Bí ó bá tó àkókò fún ìpara, ó tó àkókò fún egbò.

Wọ́n á tún ní ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ kọjá agbára ilẹ̀ wa. Àwọn aládùúgbò wa ti fèsì sí ìyẹn. Ní Yamoussoukro lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jérémie Zoueu àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń fi maikirosíkóòpù tí wọ́n de gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú mọ́ wá ibà nínú ẹ̀jẹ̀ láìpa á láró. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ náà ń lò lé ní mẹ́wàá, láti èyí tó kúrú ju ti àlùkò lọ dé èyí tó kọjá pupa. Ní Yunifásítì Cape Coast ní Ghana, ibùdó ìwádìí lésà kan wà tí wọ́n ń pè ní LAFOC tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Àwọn onímọ̀ Sweden ló bá wọn bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ló ń tò ó tó sì ń tún un ṣe. Kámẹ́rà tó ń rí ooru ara, tí wọ́n ń so mọ́ fóònù, ti wà lọ́jà láti ọdún 2014. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti ṣàn mọ́ máa ń tutù ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ooru sì ń ti inú ara jáde láìka àwọ̀ sí. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ èmi.

Kò sì nílò kí a kọ́ ilé tuntun. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndò, kò jìnnà sí ààtàn Solous níbi tí àwọn tó ń ṣa ike àti irin ti ń fẹsẹ̀ gún ìgò. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà l'Ọ́jọ̀ọ́, lórí ọ̀nà kan náà tí gbogbo ará Ìgàndò ń gbà. Àwọn onímọ̀ físíìsì wà ní ìparí ọ̀nà, egbò wà láàárín ọ̀nà. Àwọn tí iná jó gidi ń lọ sí ilé ìwòsàn Gbàgádà, LASUTH tàbí Ìgbòbì. Ohun tí mo ń wí kò ju pé kí nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò lọ́jọ́ kẹta ya àwòrán rẹ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin márùn-ún kó tó dì í padà. Kó kọ́kọ́ nu ìpara sílífà kúrò dáadáa, torí ìpara náà ń dí ìmọ́lẹ̀; kó má fi GV kùn ún kó tó yà á, torí àwọ̀ àlùkò GV á bo gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń wá. Kí wọ́n kọ àwọ̀ awọ ibi tó jí pépé sílẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n tún kọ ohun tí dókítà sọ pé egbò náà jẹ́, kí wọ́n sì padà wò ó lọ́jọ́ kọkànlélógún láti mọ ẹni tó gbà á, ojú ni tàbí ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, Alímọ̀ṣọ́ á ní nǹkan tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ní Toronto àti London máa fẹ́ fowó rà.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ gbígba àṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn àti òbí fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ibo ni sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń gbin Apligraf ti wá? Láti ara awọ tí wọ́n gé nígbà tí wọ́n dábẹ́ fún ọmọ tuntun. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọkùnrin tí a kì í dábẹ́ fún ṣọ̀wọ́n, awọ tó lè di gbogbo awọ àyẹ̀wò tí a nílò ń lọ sínú ike ìdọ̀tí ilé ìwòsàn lójoojúmọ́. Ó rọrùn fún onímọ̀ láti sọ pé ìdọ̀tí ni, kí a mú un. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú òbí. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò ní fẹ́ gbọ́ pé ẹ̀yà ara ọmọ òun ń dàgbà nínú àwo lọ́wọ́ ẹni tí òun kò mọ̀, ẹ̀rù tó ń bà á kì í sì í ṣe ti òpè: ó mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀yà ara èèyàn ṣe nílùú yìí. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, kí ó lè sọ pé rárá láìsí pé ìtọ́jú ọmọ rẹ̀ yí padà. Kí àwòrán egbò má ní ojú, kó má ní orúkọ. Bí èrè bá sì jáde, kí ìwé àdéhùn ti sọ ṣáájú iye tó máa padà sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti yà á.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn olùwádìí lówó, LASRIC lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí yẹ lọ́dọ̀ wọn. Bí ó bá sì jẹ́ pé rírà ni ìjọba yàn dípò ìwádìí, kí ẹni tó máa buwọ́ lùwé béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: nínú àwọn tí ẹ fi dán ẹ̀rọ yìí wò, èèyàn mélòó ló dúdú tó mi? Bí kò bá rí iye gba, kó má buwọ́ lù ú.